Pẹ̀lẹ́ ní Sáńsíbà

Àwa olùkọ́ kì í sábà mọ ohun tí à ń pè ní ìsinmi. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ọlidé, oko ni òmíràn nínú wa ń lọ. Òmíràn a máa máàkì ìwé ìdánwò títí ojú rẹ̀ yóò fi máa ṣe bàìbàì. Òmíràn a sì máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ àfikún kí owó oúnjẹ lè pé. Ó ti di ọdún kejìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá, ní gbogbo àkókò náà n kò rin ìrìn àjò kan tí kì í ṣe pé iṣẹ́, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ni ó gbé mi dìde. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ó jókòó tì mí, tí ó sì wí pé, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí á lọ sinmi níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá," ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Ó wò mí títí ẹ̀rín náà fi tán. Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá àyà ń dùn yín, ẹ sì ń máàkì ìwé lọ. Bí ẹ bá kú sídìí ìwé, ìwé kò ní sin yín." N kò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn.

Òun ni ó ní òkun ni òun fẹ́ wò. Èmi ni mo yan Sáńsíbà. Ìdí tí mo fi yàn án kò ju ti oníwèé lọ: mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì pé ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ ní ìlú náà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ Sùwàhílì àjùmọ̀lò, gẹ́gẹ́ bí ti Ọ̀yọ́ ṣe jẹ́ ìpìlẹ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ. Erékùṣù ni Sáńsíbà, nínú Òkun Íńdíà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Unguja ni àwọn onílé ń pe èyí tí ó tóbi jù níbẹ̀. Láti ọdún 1964 ni ó ti jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Tànsáníà. Inú oṣù kẹjọ ni a lọ. A wọ ọkọ̀ òfurufú ní Èkó, a bọ́ sílẹ̀ ní Addis Ababa, a tún wọ òmíràn. Nígbà tí a dé, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kusi, èyí tí ń fẹ́ láti ìhà gúúsù, ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ara sì tù wá ju bí a ti rò lọ.

Ìkíni ni ó kọ́kọ́ mú inú mi dùn. Ọmọdé kan tó wá gbé àpótí wa tẹrí ba, ó ní, "Shikamoo." Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ni pé, mo di ẹsẹ̀ yín mú. "Marahaba" sì ni àgbà fi ń dáhùn. Ìdọ̀bálẹ̀ ha kọ́ nìyí, tí wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ ẹnu? Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, wọ́n pa orúkọ mi tì, "Mwalimu" ni wọ́n ń pè mí títí a fi kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ pè é. (Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí ó ti pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni ti fi ọ̀wọ̀ pè wá ní tíṣà nílé.) Kànáfùrù tí àwọn ìyá wa ń lò, karafuu ni wọ́n ń pè é. Ti ìyẹn yé mi, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá fún àwa àti àwọn. Ó kàn gba ilẹ̀ Haúsá kọjá kí ó tó kàn wá ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ kìíní. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ lójú ọ̀nà, bí o bá ń wúkọ́, bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ, "Pole" ni wọn yóò kí ọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí o rọra ṣe nǹkan, wọn a ní "polepole." Ẹ fi í wé pẹ̀lẹ́ àti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tiwa. N kò wí pé ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìró nìkan so èdè méjì pọ̀, òdo ni ó ń wá fún ara rẹ̀ nínú ìdánwò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní pole, ẹnu mi a ti yá láti dáhùn kí n tó rántí pé ilé àjò ni mo wà.

Ìlú Olókùúta ni a wọ̀ sí, àárín ìlú àtijọ́ tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2000. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé bí ènìyàn méjì tó sanra bá pàdé, ọ̀kan ní láti fara ti ògiri. Ilẹ̀kùn ilé wọn ga, ó nípọn, wọ́n fín in láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì gún ìṣó idẹ ńláńlá sí i lára. Mo fọwọ́ pa ògiri yàrá wa ní apá ibi tí ẹfun ti ṣí kúrò lára rẹ̀, mo rí i pé ihò wẹ́wẹ́ kún ara òkúta náà, ihò kọ̀ọ̀kan rí bí ìràwọ̀. Mo pe ìyá onílé. Ó ní iyùn ni. Kì í ṣe ògiri yìí nìkan. Gbogbo ìlú, ilé olówó àti ilé tálákà, ààfin, mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, òkìtì iyùn àtijọ́ tí òkun ti fà sẹ́yìn lórí rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n tún ń jó òmíràn nínú iná títí yóò fi di ẹ̀tù funfun tí wọn yóò fi so òkúta mọ́ òkúta. Ọ̀pá igi etí omi, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ sókè lójú ẹrẹ̀, ni wọ́n fi tẹ́ àjà rẹ̀.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó mi. Ó dìde lórí ibùsùn. "Iyùn kẹ̀? Iyùn ọrùn?"

Ìyá onílé ní ohun tó ń gbé inú òkun ni, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń bímọ.

"Ṣé òkú ẹran ni mo ti ń so mọ́rùn láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, tí ẹ kò sì sọ fún mi?"

Mo ní èmi náà kò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ọdún mélòó ni mo ti fi kọ́ ọmọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni iyùn, tí n kò bi ara mi léèrè ibi tí ó ti hù? Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé iyùn pupa tiwa kì í ṣe irú ti Sáńsíbà gan-an. Inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wa irú rẹ̀, àwọn Pọtogí sì wà lára àwọn tí ó kó o dé Ìbíní àti etíkun wa ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Ẹranko tíntìntín ni iyùn, ara rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Irú èyí tí ń kọ́ àpáta nínú òkun a máa fa ẹfun inú omi, a sì fi mọ ilé yí ara rẹ̀ ká. Bí ó bá kú, ilé rẹ̀ a kù, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì mọ tiwọn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni títí òkìtì náà yóò fi fẹ́ẹ̀ kan ojú omi. Inú ẹran ara rẹ̀ ni ewéko kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, tí ó sì ń fi oúnjẹ san owó ilé. Èyí tó ní ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín lè fi ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan gùn sí i lọ́dún bí omi bá dára. Èyí tó rí rìbìtì bí òkúta ọlọ kò lè tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn kì í fi ju ìbú èékánná kan lọ lọ́dún.

Àwọn tí ó ti jẹ gàba lórí ìlú yìí pọ̀. Àwọn Pọtogí kọ́kọ́ dé. Àwọn Lárúbáwá Òmánì lé wọn lọ, Súlítánì wọn sì kó ààfin rẹ̀ wá síbẹ̀, ó fi igi kànáfùrù kún ilẹ̀. Ní 1890 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ilẹ̀ abẹ́ ààbò wọn. Irú ààbò tí wọ́n ṣe é hàn ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1896. Khalid bin Barghash gun orí àga lẹ́yìn ikú Súlítánì láìgba àṣẹ wọn. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá díẹ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọjú ìbọn ńlá sí ààfin. Ogun náà kò pé wákàtí kan. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ìhà Súlítánì tó nǹkan bí 500. Iwájú ibẹ̀ ni a ti rí Ilé Ìyanu tí Súlítánì Barghash kọ́ ní 1883. Ìbọn ọjọ́ náà kò wó o, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ dà wó fúnra rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ó sì pa ènìyàn. Iyùn náà ni ògiri rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, a lọ sí ojúlé ọjà ẹrú. N kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn tí ó ti dé Àgbádárìgì mọ irú ibẹ̀. Ọdún 1873 ni Súlítánì fọwọ́ sí i lábẹ́ ipá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà gan-an ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan lélẹ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí pẹpẹ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ní igi tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án wà; wọ́n fi òkúta róbótó sàmì sí i nílẹ̀. Wọ́n mú wa wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ méjì kan nítòsí, tí wọ́n ní wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Níta, nínú kòtò kan, wọ́n gbẹ́ ère ènìyàn márùn-ún tí ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn wọn. Ojú ère náà kò wo ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi sunkún. Èmi kò sunkún. Ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kíláàsì, mo ń sọ fún afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 25 lọ, pé ẹ̀dá wo ni yóò rí ohun tí ìyá fi oṣù mẹ́sàn-án rù, tí ó fi ọdún púpọ̀ tọ́, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sọ fún un pé àwọn baba wa ní, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta." Ó gbọ́ mi parí.

Nígbà náà ni ó béèrè, tìwà-pẹ̀lẹ́-tìwà-pẹ̀lẹ́, "Mwalimu, ní ìlú tiyín, ta ni ó ń tà wọ́n?"

Ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí wọ́n ti ọjà Sáńsíbà pa, ìyẹn 1874, ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lórí rẹ̀, tí kò sì tíì béèrè nínú ìdánwò pé, "Ṣe àlàyé ìwà Ẹfúnṣetán sí àwọn ẹrú rẹ̀." Mo dá ọ̀dọ́kùnrin náà lóhùn pé, àwa náà. Mo sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì a bá ọmọkùnrin yìí kan náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Changuu, erékùṣù kékeré kan tí kò jìnnà sí ìlú. Ilé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní nǹkan bí 1893, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹlẹ́wọ̀n sínú rẹ̀ rí. Àwọn èrò ọkọ̀ tí wọ́n bá fura sí pé àrùn wà lára wọn ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ síbẹ̀. Ìjàpá ni ó wá kún ibẹ̀ báyìí. Ní 1919 ni gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Seychelles fi mẹ́rin ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa àlọ́, ẹ gbọ́: ìjàpá wọ̀nyí tóbi ju odó lọ, ọmọdé lè gun ẹ̀yìn wọn bí kì í bá ṣe pé wọ́n kà á léèwọ̀. Mo wo ojú ọ̀kan pẹ́, bóyá n óò rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan níbẹ̀. Ewé ni ó ń jẹ.

Ẹ̀yìn erékùṣù náà ni àpáta iyùn wà. Wọ́n fún mi ní awò tí a fi ń wo ìsàlẹ̀ omi àti ọ̀pá rọ́bà tí a fi ń mí. Etí odò Ògùn ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, ni mo bá wọ inú omi. Kí ni kí n wí? Mo rí oko kan lábẹ́ omi. Mo rí èyí tó dà bí ewé ẹ̀kọ, èyí tó dà bí ọpọlọ ènìyàn, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ ọlọ́jà. Ẹja aláwọ̀ òféfèé àti aláwọ̀ ìyeyè ń wọlé, wọ́n ń jáde láàárín wọn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò ìsinmi. Àyà tó ń dùn mí ní ọdún tó kọjá fúyẹ́. N kò ronú ìwé, n kò ronú ẹrú, n kò ronú ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹn bá ni ìsinmi, mo ti jẹ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìgbì kan wá, omi iyọ̀ gba inú ọ̀pá wọ ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹ̀rù bà mí, mo na ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ láti dúró. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára: ó dún kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí àwo tanganran bá fọ́ nílé ìdáná. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ẹ̀ka kan tó gùn tó ìbámu ọwọ́ ti dá, ẹ̀jẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì ń tú jáde nínú omi bí èéfín.

Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ kan gbá mi mú, ó fà mí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Pole, Mwalimu. Pole sana." Ó fi omi mímọ́ fọ ẹsẹ̀ mi, ó yọ ẹ̀ẹ́rún iyùn kúrò nínú egbò náà níkọ̀ọ̀kan. Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí! Mo bi í léèrè pé, èyí tí mo ṣẹ́ ńkọ́? Ó gbé ejìká sókè. Ó ní yóò tún hù, bóyá ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí omi kò bá gbóná, bí ẹlòmíràn kò bá sì tẹ̀ ẹ́. Mo wo àyíká wa. Ọkọ̀ mẹ́jọ ni mo kà, ènìyàn kún inú gbogbo wọn, wọ́n ń kùn láti bọ́ sómi.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yìí ni ó ṣàlàyé fún wa bí a ti ń padà. Bí omi òkun bá fi ìwọ̀n ẹyọ kan péré gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn a lé ayálégbé rẹ̀ jáde. Àwọ̀ rẹ̀ a ṣí, a funfun bí egungun. Bí ooru náà bá pẹ́, ebi a pa á kú. Ní 1998 irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ káàkiri Òkun Íńdíà, ó sì ti tún ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Chumbe, erékùṣù kan ní ìhà gúúsù tí ilé iná atọ́nà ọkọ̀ wà láti 1904, wọ́n ti ń ṣọ́ àpáta iyùn láti nǹkan bí 1994. Apẹja ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọlọ́dẹ ibẹ̀, nítorí wọ́n mọ ibi tí ẹja ń gbà. Wọ́n lè lé ọkọ̀ apẹja padà, wọ́n sì lè kìlọ̀ fún àlejò pé kí ó má fi ẹsẹ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ooru kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Egbò iyùn kì í tètè jinná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tiro. Tiro náà ni mo ń tiro nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọ kíláàsì mi béèrè ohun tó ṣe mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ògiri, ọjà, Ẹfúnṣetán, àti ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, nawọ́ sókè. "Sà, ṣé ẹ padà lọ wò ó?"

Mo ní rárá. Ọjọ́ kejì ni a wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ní oṣù kejìlá, aládùúgbò wa fi ọmọ fọ́kọ. Ìyàwó mi ṣí àpótí rẹ̀, ó mú iyùn ọrùn rẹ̀ jáde nínú aṣọ tí ó fi wé e, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń wò ó. Mo rò pé yóò dá a padà. Ó jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó gbé gèlè rẹ̀ sókè.

"Olówó orí mi, ẹ wá bá mi so ó. Okùn rẹ̀ ti gbó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o."